Ó Ku Bọ́tìnì

Irọ́ kan wà tí gbogbo télọ̀ ilẹ̀ Yorùbá ń pa, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní tìtorí ẹ̀ gbé wọn lọ sí kóòtù. Tí o bá pe télọ̀ lórí fóònù pé aṣọ mi ńkọ́, aṣọ tí kò tíì fi àlùmọ́gàjí kàn rárá, á ní, "Ó ti parí, ó ku bọ́tìnì." Ìdíátù náà ń pa á. Ohun tó mú ti Ìdíátù yàtọ̀ ni pé sùtánà ló ń rán, aṣọ funfun gbọọrọ tí àwọn ìjọ aládùúrà fi ń jọ́sìn, sùtánà tó sì ń rán kò ní bọ́tìnì kankan. Orí ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, bí oníbàárà bá ti pè é, ohun tó máa kọ́kọ́ já bọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni, "Ẹ má bínú sà, ó ku bọ́tìnì." Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á ní kó tètè bá òun de bọ́tìnì ọ̀hún o, ọjọ́ Àìkú ò jìnnà.

Mi ò sọ èyí kí ẹ lè fi obìnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Inú ló ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìdíátù. Kó tó di pé ó ń ránṣọ, akọ̀wé ló jẹ́ ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìdímù. Nígbà tó bí ọmọ ẹ̀ obìnrin, Hamdalah, ó bẹ ìyá tó ni ilé ìwé náà pé kó jẹ́ kí òun máa sáré lọ sílé lọ́sàn-án láti fún ọmọ lọ́mú. Ìyá náà, tí òun fúnra ẹ̀ bímọ, tó máa ń gba gbohùngbohùn níwájú àwọn òbí láti sọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu ẹ̀, ní iṣẹ́ niṣẹ́, ilé nilé. Ọmú Ìdíátù á kún, á máa jò sára aṣọ, á gbé fáìlì bo àyà. Lọ́jọ́ tí bàbá ọmọ kan wò ó láyà tó sì rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì ẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ó ní òun mọ aṣọ rán láti kékeré, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá òun, òun máa gba ṣọ́ọ̀bù, òun á sì ráyè ọmọ òun.

Gbogbo ayé ló bá a yọ̀. "O ti di ọ̀gá ara ẹ nìyẹn!" Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nìyẹn, bí ẹni ń súre. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ yìí tan ara yín jẹ, ẹ gbọ́ o: kò sí ẹni tó ń jẹ́ ọ̀gá ara ẹ̀ ní Ìkọ̀tún. Ẹni tó bá fi ọ̀gá kan ṣoṣo sílẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ní nọ́ńbà ẹ̀ ló ti di ọ̀gá ẹ̀.

Ẹni tó mú sùtánà wọlé ìgbésí ayé ẹ̀ ni Esther, obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù. Sùtánà Esther ya lábíyá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, kò sì rí télọ̀ míì tó ṣí. Ìdíátù tú u, ó rán an, ó tún lọ̀ ọ́ títí gbogbo ẹ̀ fi jọ tuntun. Esther dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní Mùsùlùmí kan wà ní Ìkọ̀tún tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ju ti onígbàgbọ́ lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń wá. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ó máa tó ríran, òun náà á rẹ́rìn-ín, á tún ìborí ẹ̀ ṣe, á tẹ máṣíìnì lọ. Iṣẹ́ tó dára ni. Ó fẹ́ràn aṣọ funfun, nítorí funfun kì í gba ìránkúràn: bí abẹ́rẹ́ bá ṣìnà, gbogbo ayé ló máa rí i.

Àmọ́ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ti Ìdíátù láti lọ kírun. Ọjọ́ Àìkú ni ti àwọn oníbàárà, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti máa ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀, nítorí àmùrè tó já tàbí ọrùn tó fún. Sátidé ni gbogbo wọn ń rọ́ wá gba aṣọ. Àárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kó o wá. Ọjọ́ wo ló kù? Kò sí. Ẹni tó kúrò níṣẹ́ kó lè ráyè ọmọ, ó wá di ẹni tí ọmọ ń rí bí àlejò.

Orúkọ ẹ̀ náà sì yí padà. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí obìnrin bá ti bímọ, orúkọ ọmọ ló ń jẹ́. Ìyá Hamdalah ni wọ́n ń pè é ní Ìgandò níbi tí wọ́n ń gbé. Ní Ìkọ̀tún, Ìyá Sùtánà ni. Nígbà tó yá, Ìyá Sùtánà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Ìyá Hamdalah díẹ̀díẹ̀, bí ikán ṣe ń jẹ igi, títí tí àwọn ará àdúgbò náà fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọkọ ẹ̀, Jibril, ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Abúlé Ẹ̀gbá. Bọ́ńpà mọ́tò ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bọ́ńpà níbẹ̀. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí Hamdalah jí bá a nílé, àfi ọjọ́ ọdún. Bọ́ńpà ni bàbá, Sùtánà ni ìyá, ọmọ wọn wà láàárín bí ẹni tí kò lóbìí. Ẹni tó ń tọ́ ọmọ náà ni Àmínát, àbúrò Jibril, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama, tí wọ́n ní kó wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, tó sì wá di ẹni tó ń mú ọmọ lọ sílé ìwé, tó ń mú un bọ̀, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń dirun fún un. Ìyá Jibril náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ìyá yìí ò burú tó bẹ́ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ló mú bí abẹ.

Wọ̀límọ̀ ilé-kéú ló wá dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Hamdalah máa ka Fátíà níwájú àwọn èèyàn ní Sátidé, òun àti àwọn ọmọ kéékèèké ẹgbẹ́ ẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, tó bá ń wẹ̀, á máa kà á, tó bá ń jẹun, á máa kà á. Ó bi ìyá ẹ̀ pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ máa wá?"

"Màá wá, Hamdalah mi."

"Ṣé iwájú lẹ máa jókòó sí?"

"Iwájú gan-an. Tó o bá gbójú sókè, èmi lo máa kọ́kọ́ rí."

Ó sì ti múra sí i. Sùtánà àwọn akọrin ìjọ kan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó parí ẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ̀ ọ́, ó kó o sínú ọ̀rá. Àfi bí olórí akọrin wọn, Ebenezer, ṣe dé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ó tú ọ̀rá, ó gbé ọ̀kan wò, ó fà á lápá.

"Ìyá Sùtánà, iṣẹ́ yín dáa o. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yí i padà. Wọ́n ní kí ọwọ́ ẹ̀ gbòòrò, bíi ti áńgẹ́lì. Ọ̀la la máa lò ó fún ìṣọ́ òru ìkórè."

"Bọ̀ọ̀dá Ebenezer, ọ̀la kẹ̀? Ọmọ mi ní wọ̀límọ̀ lọ́la."

"Háà, ṣé ẹ̀yin náà ń sọ irú ẹ̀ ni? Ẹ̀yin lẹ kúkú ni ara yín. Kò sí ọ̀gá tó máa bi yín pé níbo lẹ lọ. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ tètè lọ, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n jáwé olóríburúkú níwájú ìjọ."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: ẹ̀yin lẹ ni ara yín. Ohun tí wọ́n fi bá a yọ̀ lọ́jọ́ kìíní náà ni wọ́n wá fi ń nà án. Ó sì gba aṣọ náà, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara ẹ̀ máa ń bẹ̀rù pé oníbàárà tó bá lọ lónìí, kò ní padà láéláé.

Láàárọ̀ Sátidé ó ti wà nídìí máṣíìnì. Títún ọwọ́ sùtánà rán kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sáré ṣe. Ó ní láti tú abíyá, kó fi aṣọ kún un, kó tún un rán, kí ojú rírán má sì hàn. Bó bá parí ọ̀kan, òmíràn wà nílẹ̀. Àmínát pè é.

"Àǹtí, wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ o. Hamdalah ń bojú wẹ̀yìn."

Ìdíátù fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí, kò yé tẹ máṣíìnì. "Mo ń bọ̀, mo ti ń bọ̀. Sọ fún un pé ó ku bọ́tìnì."

Àmínát ti gbé fóònù sókè kí ọmọ lè gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀. Hamdalah gbọ́ ọ.

Nígbà tó fi rán gbogbo ẹ̀ tán, tó sì bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ́nu ọ̀nà ilé-kéú, òwú funfun kún ìborí dúdú tó wé, tẹ́ẹ̀pù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Ààfáà Zikrullah nínú gbohùngbohùn: "Ọmọ yìí káwèé o! Ta ni ìyá Hamdalah? Ìyá Hamdalah, ẹ jáde, ẹ wá gbàdúrà!"

Ìdíátù ń sáré. Àga pọ̀, èèyàn pọ̀, ẹnì kan gbé ìkòkò ìrẹsì dí ọ̀nà. Nígbà tó fi rí iwájú, Àmínát ti dìde, ó ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, Ààfáà sì ti na ọwọ́ lé e lórí.

"Ìyá Hamdalah, Ọlọ́run á jẹ́ kó o jèrè ọmọ yìí."

"Àmín," ni gbogbo èrò wí.

"O ò ní fi ojú sunkún ẹ̀. Òun ló máa sin ọ́. Ibi tó bá ti dára fún un, ibẹ̀ ni wàá wà."

"Àmín!"

Àmínát náà ṣe àmín. Ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe náà nìyẹn. Kò sí ẹni tí wọ́n ń gbàdúrà fún tó máa pa ẹnu mọ́. Ìdíátù ò lè ṣe àmín. Ó dúró lẹ́bàá ìkòkò ìrẹsì. Àdúrà tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ ṣe, ẹlòmíì ló gbà á.

Ìyá Jibril ló kọ́kọ́ rí i. Ó yíjú padà lórí àga. "Háà, Ìyá Sùtánà! Ẹ ti dé? Ẹ kú iṣẹ́ o." Àwọn obìnrin tó yí i ká bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tó tún wá pa mí lẹ́rìn-ín ẹkún nìyí. Ààfáà béèrè bàbá ọmọ. Wọ́n ní kò wá, ó wà ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ṣé ẹ mọ ohun tí Ààfáà ṣe? Ó gbàdúrà fún un! Ó ní, "Ó ń wá oúnjẹ òòjọ́ kiri fún àwọn ẹbí ẹ̀ ni. Ọlọ́run á bá a wá a rí, kò ní rin ìrìn òfo." Àmín, àmín, àmín. Àwọn méjì ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọmọ kàwé. Nítorí iṣẹ́ ni àwọn méjèèjì kò fi wá. Wọ́n ṣàdúrà fún ọ̀kan, wọ́n fi ìkejì rẹ́rìn-ín.

Jibril dé kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá ẹ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kó bọ́ bàtà kó tó ròyìn tán. Jibril jókòó, ó nu ojú.

"Ìdíátù, a ò lè máa bá a lọ báyìí. Nínú ilé àti ṣọ́ọ̀bù, mú ọ̀kan."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ẹ ni Ìdíátù ń pe ọkọ ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń ṣa òwú lára ìborí ẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Èwo lo mú?"

Ìyá Jibril fọwọ́ lérí. "Mo gbé o! Ìwọ? Ọkọ ẹ lò ń pè ní ìwọ? Jibril, ṣé o gbọ́? Ìwọ ló pè ẹ́!"

"Mo gbọ́," ni Jibril wí, ojú ẹ̀ sì korò. "Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ gbà lọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ "ìwọ" títí ó fi di àkókò ìrun. Ta ló kọ́ ọ ní ìwọ? Ṣé sùtánà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀? Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ìbéèrè tó béèrè, tó lórí tó nídìí, kò sẹ́ni tó dáhùn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ kú, "ìwọ" ló kù nílẹ̀.

Ìdíátù bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó ń fi agbára fọ ìkòkò tó ti mọ́. Hamdalah wá bá a, ó ṣì wọ aṣọ wọ̀límọ̀, aṣọ tí wọ́n rà lọ́jà. Ẹ ò rí nǹkan? Ọmọ télọ̀ wọ aṣọ àràlọ́jà. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì. Ìdíátù wo aṣọ yẹn, ó rí i pé etí ẹ̀ ti ń tú.

"Mọ́mì," ni ọmọ wí, "ṣé sùtánà máa ń ní bọ́tìnì?"

"Kí ló dé?"

"Tolúwalọpẹ́ kíláàsì wa ní tòun ò ní. Ó ní orí lòun ń gbà wọ̀ ọ́."

Ọwọ́ Ìdíátù dúró nínú omi. Kò sí ìbínú, kò sí ẹkún nínú ohùn ọmọ náà. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ta á, ti Jibril ta á, ṣùgbọ́n ti àwọn ẹni yẹn, ó rí nǹkan fi dá wọn lóhùn.

"Kò ní," ló sọ. "Mo parọ́ fún ẹ."

"Kí lẹ wá ń ṣe?"

"Mò ń sọ ọwọ́ aṣọ àwọn kan di ọwọ́ áńgẹ́lì."

Hamdalah rò ó díẹ̀, ó ní ó dáa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìdíátù ò sùn dáadáa, ṣùgbọ́n kò sunkún. Ìbínú ẹ̀ ti pọ̀ ju ẹkún lọ. "Mú ọ̀kan." Ó ń yí gbólóhùn náà lọ, ó ń yí i bọ̀. Tó bá mú ilé, ọjọ́ wo ni wọn ò ní máa sọ pé ó ń jókòó jẹ? Tó bá padà síṣẹ́ oníṣẹ́, ṣé kì í ṣe ọwọ́ irú ìyá Ìdímù yẹn náà ló máa bọ́ sí? Tó bá sì mú ṣọ́ọ̀bù bó ṣe wà yìí, Àmínát ló bímọ. Àwọn tó la ọ̀nà méjì yìí sílẹ̀ fún un, kò sí èyí tí wọ́n máa bá a rìn nínú ẹ̀. Kí ló dé tí òun máa wá mú nínú ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀?

Lọ́jọ́ Ajé, kí Jibril tó jáde, ó kúnlẹ̀ sí iwájú ẹ̀ lójú ìyá ẹ̀ àti Àmínát.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pè yín ní ìwọ. Mo kúnlẹ̀ fún ìyẹn." Ó dìde. "Mi ò kúnlẹ̀ fún ìyókù. Mi ò mú ọ̀kan. Láti òní, tí wọ́n bá ti kírun Aláàsárì, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, èmi ni màá máa mú ọmọ mi bọ̀ láti ilé ìwé. Àfi Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń gé aṣọ tó pọ̀ jù. Ẹ̀yin lẹ máa mú un bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀."

"Èmi kẹ̀? Àmínát ńkọ́?"

Àmínát, tí kì í sọ̀rọ̀ níbi tí ìyá ẹ̀ bá wà, ló wá sọ̀rọ̀. "Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ irun ní Baruwa. Ọdún tó kọjá ni mo ti sọ fún yín. Èmi ò bímọ. Mo dìde lọ́jọ́ yẹn nítorí pé kò sẹ́ni tó dìde, ọmọ yẹn dẹ̀ ń wojú mi. Ẹ ń pè mí ní Ìyá Hamdalah káàkiri ilé, ta ló fẹ́ wá fẹ́ mi báyìí?"

Ìyá ẹ̀ ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé. Jibril wo aago. Ó ní kò burú, òun ti gbọ́, bí ọkùnrin ṣe máa ń ní òun ti gbọ́ kí wọ́n lè jẹ́ kó máa lọ. Ìdíátù tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ gbọ́ o, ọmọ yìí ti mọ̀ pé sùtánà ò ní bọ́tìnì. Irú irọ́ tí mo pa fún un yẹn, ẹ̀yin ẹ má dán an wò."

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi ẹfun télọ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn pé bí wọ́n bá ti kírun Aláàsárì, òun ti tì í. Ebenezer dé, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Ìyá Sùtánà ti di báǹkì! Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ àwọn ọmọ kékeré tí mo kó wá ńkọ́? Ṣé ó ku bọ́tìnì?"

"Kò ku bọ́tìnì. Mi ò tíì gé e."

Ẹ̀rín pòórá lójú Ebenezer. Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu télọ̀ rí. "Ẹ ò tíì gé e kẹ̀? Ẹ dẹ̀ ń sọ ọ́ fún mi lójú mi?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa parí. Ẹ má yí i padà lẹ́yìn tí mo bá ti gé e, torí mi ò ní tú aṣọ mọ́ tí ọmọ mi bá ń retí mi. Mo tún bẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Hamdalah lorúkọ mi."

Ebenezer ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù, ó ní télọ̀ pọ̀ bí eṣú ní Ìkọ̀tún. Ó kó aṣọ àwọn ọmọ náà, ó sì lọ. Ìjọ wọn ló ń fún Ìdíátù níṣẹ́ jù. Ó wo tábìlì ẹ̀ tó ṣófo, àyà ẹ̀ já, kò sì lè purọ́ fún ara ẹ̀ pé kò já. Esther gbé àga wá jókòó tì í. Ó ní, "Jẹ́ kó máa lọ jàre. Ọwọ́ áńgẹ́lì, àbí kí ló pè é? Wọ́n á rán tiẹ̀ fún un níbòmíì, á rí ojú rírán." Àwọn kan tẹ̀ lé Ebenezer lọ, àwọn kan dúró. Bó ṣe rí nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ìdíátù ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó ti gbé àlùmọ́gàjí, nígbà tí fóònù dún. Ilé ìwé ni.

"Ìyá Hamdalah, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ṣì wà níbí o. Gbogbo wọn ti lọ."

Bàbá ló yẹ kí wọ́n pè, nọ́ńbà ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá ni wọ́n pè. Ìdíátù pe Jibril, ó gbọ́ ariwo irin àti ẹ̀rín àwọn ọkùnrin lẹ́yìn ẹ̀.

"Mo ti ń bọ̀ lọ́nà," ni Jibril wí. "Ó ku díẹ̀ kí n dé."

Ìdíátù gbé fóònù sílẹ̀. Ìbínú tó mú un lọ́jọ́ náà, kò ní ariwo. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ bá ọmọ ẹ̀ níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì ọlọ́dẹ, tó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Ó dì í lọ́wọ́ mú. Kò yà sí ọ̀nà Ìgandò. Abúlé Ẹ̀gbá ni wọ́n wọkọ̀ lọ.

Kò wọ́pọ̀ kó wá síbi tí ọkọ ẹ̀ ti ń tajà. Àwọn ọkùnrin jókòó láàárín bọ́ńpà àti iná mọ́tò, wọ́n ń ṣeré. Ó kí wọn, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o.

"Mò ń wá Bàbá Hamdalah."

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Yésúfù mi orí. "Kò sí Bàbá Hamdalah níbí o, màdáámù. Ṣé ẹ ò ṣìnà?"

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ọkùnrin yìí tajà, wọn ò mọ̀ pé ó bímọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Bọ́ńpà ńkọ́?"

"Áà, Bọ́ńpà! Bọ́ńpà wà níbẹ̀ yẹn!"

Jibril jáde látẹ̀yìn, ó gbé bọ́ńpà léjìká, oníbàárà kan tẹ̀ lé e. Ó rí wọn, ó dúró.

"Ṣé kò sí nǹkan? Mo ń bọ̀ náà nìyẹn. Ó ku díẹ̀ báyìí, kí n kàn dá ọkùnrin yìí lóhùn, mo ti..."

Hamdalah gbójú sókè wò ó. "Dádì," ló wí, "ṣé bọ́tìnì ló kù?"

Àwọn ọkùnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín, nítorí wọn ò mọ ohun tó ń sọ. Jibril ò rẹ́rìn-ín. Òun mọ̀ ọ́n. Ó gbé bọ́ńpà náà sọ̀ kalẹ̀, kò sì rí ibi tó máa wò.

Ìdíátù gbé ọmọ lé orí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iná mọ́tò, ó gbé báàgì ẹ̀ sílẹ̀, ó tún ìborí ẹ̀ ṣe fún un. "Kò tíì jẹun. Ó ní iṣẹ́ àmúrelé. Ọjọ́bọ̀ ni òní, ẹ̀yin lẹ ni ín." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò pariwo. Ó kí àwọn ọkùnrin náà kú iṣẹ́, ó yíjú padà sọ́nà.

Ó ti rìn díẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn Yésúfù lẹ́yìn ẹ̀. "Bàbá Hamdalah! Oníbàárà ẹ ti ń bínú lọ o! Ṣé ká dá a dúró ni, àbí o fẹ́ lọ wá oúnjẹ fọ́mọ?"

Ìdíátù ò bojú wẹ̀yìn wo èwo ló mú. Ó ń lọ sí Ìkọ̀tún, aṣọ tó fẹ́ gé ṣì wà lórí tábìlì.